Ọ̀kan Jóná, Ìyókù Jinná

Títí di òní, bí òórùn iṣu sísun bá ti kan imú mi láàárọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń di ọmọdé. Kì í ṣe iṣu sísun etí títì ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń fi bébà wé fún àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Iṣu Ìmọ̀rù ni, iṣu tuntun tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì tutù lára rẹ̀, tí wọ́n tì sẹ́nu iná ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi. Èéfín á máa gba abẹ́ páànù jáde, omi òjò àná á ṣì máa kán láti etí òrùlé, àwọn adìyẹ á máa gbọn ìyẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ìró ọ̀bẹ á bẹ̀rẹ̀, kírí, kírí, bí Màmá ṣe ń ha èèpo dúdú kúrò lára iṣu. Epo pupa ti wà nílẹ̀ nínú àwo tánganran kan tí etí rẹ̀ ti ṣí, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gígún. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ lásìkò wa, mi ò ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Mo mọ̀ pé itọ́ ti ń yọ lẹ́nu yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni wọ́n ní kí n máa yí iṣu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ náà kò le: kí o jókòó ti iná, kí o máa yí iṣu, kí o má sì gbàgbé. Àkùkọ méjì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jà lẹ́bàá ìkòkò omi, mo yíjú láti wo èyí tó máa sá. Nígbà tí n ó fi yíjú padà, iná ti jẹ ẹ̀gbẹ́ iṣu kan wọnú. Mo fà á jáde, mo ju ọwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀, mo sì sọ ohun tó ti di àdúrà òwúrọ̀ mi láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn.

Mo ní, "Olódo ni mí ṣá. Kò sóhun tí mo fọwọ́ kàn tó máa dáa."

Ọ̀bẹ Màmá dúró. Wọn ò wo iṣu náà rárá. Èmi ni wọ́n ń wò, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ pé àlejò sọ ọ̀rọ̀ kò-tọ́ nínú ilé òun.

"Ta lo bú l'ulé mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Ara mi ni."

"Ara rẹ," ni wọ́n tún un wí, wọ́n sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó dáa."

Bí Màmá bá ti ní "ó dáa" lóhùn bẹ́ẹ̀, kò dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tó tẹ̀lé e, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé mi dé Ìmọ̀rù.

Ìlú Ọ̀wọ̀ là ń gbé. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ìyá mi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé. Ilé tí wọ́n ti ń ka Bíbélì kí wọ́n tó mu ògì ni ilé wa. Mo ti ṣe ìdánwò àbáwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin, mo sì yege nínú èyí tí a fi ọwọ́ kọ. Ó wá ku ti ẹnu, tí gbogbo wa ń pè ní intafíù. Lọ́jọ́ náà, ìyá mi fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi ń dán bíi bàtà bàbá mi. Mo wọlé bá àwọn olùkọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn tábìlì gígùn, obìnrin pírínsípà wà láàárín wọn, awò ojú rẹ̀ sì ti sún dé ṣóńṣó imú. Ó ní kí n sọ orúkọ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn kan bá sọ̀rọ̀ nínú mi. Ó ní, "Ìwọ? O máa ṣì í sọ. Wo bí wọ́n ṣe ń wò ẹ́. Wọ́n máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín." Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ ara mi, mi ò lè pè é. Mo dúró bí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, títí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Pírínsípà ní àánú lójú. Ó sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n mú mi padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí ilé-ìwé máa wọlé, pé òun yóò tún gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí n ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà náà, n ó padà sí ìwé kẹfà, n ó máa bá àwọn ọmọ tó kéré sí mi tò lórí ìlà, nígbà tí Bísí tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan á ti wọ pinafọ̀ tuntun, á máa kọjá níwájú wa. Ìrònú pinafọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn yẹn ti tẹ̀ lé mi wálé, ó sì gba yàrá lọ́dọ̀ mi bí ayálégbé tí kò ní í sanwó, tí kò sì ní í kó jáde. Bí mo bá da omi, á ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Bí mo bá ṣi ìṣirò, á ní, "Kí ni mo wí?" Nígbà tó pẹ́, kò sọ ọ́ nínú mọ́, ó yá ẹnu mi. Èmi fúnra mi ni mò ń sọ ọ́ jáde lójú gbogbo ènìyàn pé olódo ni mí, pé orí mi ò pé, pé kí wọ́n má wulẹ̀ rán mi níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá mi. Wọ́n á rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, wọ́n á ní, "Yétúndé, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Mo máa ń wo ọwọ́ òsì mi, mi ò ní í rí ohun tó ṣe. Ìyá mi rò pé ibà ni, wọ́n fún mi ní kínínì. Nígbà tí kínínì ò ran ohùn náà, wọ́n ní kí wọ́n mú mi lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ Màmá, pé bóyá afẹ́fẹ́ oko á bá mi lára mu.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Màmá, ọkọ ló gbé wọn dé Ìmọ̀rù. Nígbà tí bàbá àgbà kú, àwọn ọmọ ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, Màmá ní ta ni yóò máa bá àwọn sọ̀rọ̀ fún iṣu. Wọ́n dúró. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan, tó sì lè rẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́. Mo fẹ́ràn wọn ju oúnjẹ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sẹ́nu iná. Orúkọ mi ni Yétúndé. Ìyá tó bí Màmá ló kú, tí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n sì bí mi, ni wọ́n bá ní ìyá ti padà dé. Bàbá mi tí í ṣe ọmọ ìjọ pàtàkì kì í fẹ́ kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Orúkọ lásán ni, ni wọ́n máa ń wí. Ṣùgbọ́n Màmá ò fi ẹnu wọn pe orúkọ náà rí. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Bí wọ́n bá se ẹja, orí rẹ̀ tèmi ni. Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò ronú kàn án mọ́.

Ìyá Séfí, aládùúgbò wa, tí ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ, wọlé lásìkò yẹn pẹ̀lú páànù kékeré láti fọn iná. Inú Màmá dùn pé ẹlẹ́rìí ti dé.

"Ìyá Séfí, ghá gbọ́ o. Ọmọ yìí bú ìyá mi lójú mi báyìí. Ó ní olódo ni wọ́n."

Ìyá Séfí ká ọwọ́ lérí. "Ìyá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po epo?"

"Àwọn náà ni. Ó ní kò sóhun tí wọ́n fọwọ́ kàn tó dáa."

"Yéè! Kí ni Ìyá fi ṣe é?" Obìnrin náà fa ìborùn bo ẹnu. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń bò mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe wọn ni mo bú. Èmi ni."

Màmá ní, "Ìwọ ta? Ta ni wọ́n ní ó padà dé?"



Àpótí ìrókò kan wà ní igun ẹ̀yìnkùlé náà, tí ojú rẹ̀ ti dán nítorí ìdí tó ti jókòó sí i. Àpótí ìyá Màmá ni, tí wọ́n gbé dání nígbà tí wọ́n wá bá Màmá gbé ní Ìmọ̀rù. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí bí àwọn obìnrin àdúgbò bá jà, tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, wọ́n ń nù ún ni, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí i. Màmá gbé e wá síwájú mi, wọ́n sì ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ ẹni tí mo bú.

Mo kúnlẹ̀ níwájú àpótí tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò ní í bú yín mọ́."

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Dìde, lọ jókòó, kí wọ́n dá ọ lóhùn."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rọra jókòó. Igi náà tutù, ó sì gbà mí bí ẹni pé wọ́n wọn ìdí mi kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Bí mo ti jókòó báyìí ni Màmá kúnlẹ̀ ní tiwọn, tí wọ́n tẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Ìyá. Kí lẹ wí sí i?"

Mo ní, "Ó ti tán," kí n lè tètè dìde.

Màmá mirí. "Ìyá mi kì í yára dájọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bú yín ti rojọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹni tó yí iṣu. Kí ló ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Ó yí iṣu."

"Kí ló ṣe iṣu náà?"

"Ọ̀kan jóná."

"Ìyókù ńkọ́?"

Ó yẹ kí n sọ pé títí di ìgbà tí wọ́n bi mí, mi ò tíì wo ìyókù. Èyí tó jóná ti gba gbogbo ojú mi. Mo wo ẹnu iná. Wọ́n tò síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ara wọn ti ṣú bó ṣe yẹ kó ṣú, èéfín dídùn ń jáde níbi tí èèpo ti là.

"Ìyókù jinná."

"Ẹ tún un wí, kí Ìyá Séfí náà gbọ́."

"Ọ̀kan jóná, ìyókù jinná."

"Ṣé iṣẹ́ olódo nìyẹn?"

Mo rò ó dáadáa. "Rárá."

"Ìyá mi nìyẹn!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Mo mọ ohùn wọn." Wọ́n ha iṣu tó dára jù níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi lórí ìkúnlẹ̀, Ìyá Séfí náà sì kúnlẹ̀, ó ní òun wá kí Ìyá kú ẹjọ́. Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó jóná, a gé ẹ̀gbẹ́ dúdú rẹ̀ fún ewúrẹ́, a jẹ ibi tó kù. Bí a ṣe ń jẹun lọ ni Màmá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbàgbé mọ́. Wọ́n ní, "Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pàńkàrà kí wọ́n tó bá a fi kólẹ̀. Ìyá mi kì í ṣe igbá ìkólẹ̀ o. Má tún fi wọ́n kólẹ̀ l'ulé mi."

Bẹ́ẹ̀ ni òfin dé. Ibikíbi tí mo bá ti bú ara mi, ibẹ̀ ni n ó ti kúnlẹ̀ bẹ Ìyá, ibẹ̀ náà ni n ó ti jókòó dáhùn. Mo dojú garawa omi dé ní ọ̀nà odò, mo ní ọwọ́ mi ò dáa. Màmá sọ ẹrù wọn kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo jókòó lórí gbòǹgbò igi, mo dájọ́: omi dà, garawa ò fọ́, odò ò sì gbẹ. Ní oko, ebè tí wọ́n ti wa iṣu rẹ̀ ni àga ìdájọ́ mi. Kò pẹ́ tí gbogbo Ìmọ̀rù fi mọ̀. Àwọn tó ń lọ sóko á na ọrùn wọlé láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ta ló tún bú Ìyá lónìí?" Bàbá arúgbó kan tó ń gbé àdá kọjá tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun dá sí ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó òun. Mo dá sí i. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ìyàwó náà ṣe tó dáa. Ó rẹ́rìn-ín lọ sóko.

Ẹ má rò pé Màmá ń pọ́n mi o. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó lórí àpótí, mo rò pé mo ti gbọ́n, mo ní, "Ọmọ yìí ló mọ nǹkan ṣe jù ní gbogbo Ìmọ̀rù." Màmá fi ọwọ́ lu itan. Wọ́n ní, "Ìyá mi kì í purọ́. Bó bá burú, wọ́n á ní ó burú, kí wọ́n tó sọ èyí tó dáa. Ẹ padà dá ẹjọ́ yín." Mo padà dá a. Ìgbà mìíràn sì wà tí mi ò la ẹnu rárá, tí mo kàn ń bó ẹ̀gúsí, tí Màmá á sì ní, "O bú wọn."

"Mi ò sọ nǹkan kan, Màmá."

"Ẹnu rẹ ò sọ ọ́. Ojú rẹ ló sọ ọ́. Èyí tí o sọ nínú, wọ́n ń gbọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn náà nígbà tó bá ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo wá rí i pé olùpẹ̀jọ́ ni, tí kò ní ju ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ, tó ń gbé e wá lójoojúmọ́, tí mo sì ń dá a láre láìpe ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn o, mi ò mọ̀ ọ́n pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara mi fúyẹ́, mò ń kọrin ní ọ̀nà odò, mo sì sanra.

Bàbá mi gun alùpùpù wá mú mi nígbà tí intafíù kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá fi ewé wé iṣu sísun fún mi. Wọn ò gbàdúrà gígùn, wọn ò sì sọ pé kí n má bẹ̀rù. Wọ́n kàn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi mú ọmọ yẹn dání." Bàbá mi wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n rẹ́rìn-ín. A gba Ìfọ̀n kọjá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lójú, iṣu ń mú mi láyà gbóná.

Tábìlì kan náà, àwọn olùkọ́ kan náà, awò kan náà lórí imú pírínsípà. Àga onígi kan wà níwájú wọn, tí ọmọ kì í jókòó sí títí wọ́n á fi sọ pé kó jókòó. Pírínsípà ní, "Ìwọ lo padà wá yìí. Kí lorúkọ rẹ?"

Ohùn náà ti dé kí n tó mí. "Ìwọ kan náà ni. Wọ́n ti mọ̀ ẹ́. O máa tún ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹsẹ̀ mi ò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo wólẹ̀ lórí eékún, mo kọjú sí àga òfìfo yẹn, mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò ní í bú yín mọ́." Mo dìde, mo lọ jókòó lórí àga náà pẹ̀lú ìdí mi méjèèjì, mo gbé ọwọ́ lé itan bí àgbà. Olùkọ́ ọkùnrin kan ní, "Ọmọ, ta ló ní kí o bẹ̀ wá? A ò tíì bi ọ́ ní nǹkan." Òmíràn ní, "Ta ló ní kó jókòó?"

Nígbà náà ni mo rí ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ná, ẹni tó bá sì jókòó gbọ́dọ̀ dáhùn.

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo bẹ̀, sà. Ìyá tó bí ìyá ìyá mi ni. Mo bú wọn nínú báyìí."

Pírínsípà yọ awò ojú rẹ̀. "Máa wí."

Mo bá wí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àkùkọ méjì tó ń jà, mo dé orí iṣu, mo dé orí àpótí, mo fi ohùn Ìyá Séfí sọ̀rọ̀, mo fi ohùn bàbá aládàá sọ̀rọ̀. Èdè ilé ni mo fi ń sọ ọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Pírínsípà ní kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá a lọ, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a lọ, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí mo dá sílẹ̀. Olùkọ́ tó bi mí pé ta ló ní kí n jókòó ti doríkodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo parí, pírínsípà nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀ nìyí?" Ó na ìwé sí mi pé kí n kà á. Mo kà á. Mo kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo tún un pè, mo tún kọsẹ̀. Mo sọ nínú mi pé ọ̀kan jóná, mo sì kọjá lọ sí ìlà tó kàn. Ìyókù jinná.

Èmi àti Bísí la jọ wọ pinafọ̀. Nígbà tí bàbá mi ròyìn fún Màmá, ohun tí Màmá kọ́kọ́ bi wọ́n ni bóyá àga náà gba Ìyá dáadáa.

Ọdún gorí ọdún. Mo kàwé, mo rí iṣẹ́ ìjọba, mo relé ọkọ. Màmá dàgbà débi tí oko fi kọ̀ wọ́n, a sì kó wọn wá sílé mi ní Ọ̀wọ̀. Àwọn àti aṣọ wọn àti àpótí. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ bu omi mu fúnra wọn, wọ́n dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ wọn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Mo ti di ẹrù. Mi ò wúlò fún nǹkan kan mọ́."

Mo fẹ́ sáré lọ gbá wọn mọ́ra. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ gbé àpótí, mo gbé e kalẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, mo jókòó lórí rẹ̀, mo ní, "Ta ló bú ọmọ mi l'ulé mi?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ni ẹ̀rín bá tú jáde, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn, pẹ̀lú omijé nínú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò ní í bú u mọ́." Mo dìde, mo fi wọ́n jókòó lórí àpótí, mo kúnlẹ̀ nínú omi, mo ní kí wọ́n dáhùn. Wọ́n ní ó ti tán. Mo ní kò tíì tán, pé kí wọ́n rojọ́ ẹnì kejì. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ wá ife náà kàn, ìka wọn bọ́ sínú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Omi dà díẹ̀. Ìyókù wà nínú ife."

Wọ́n gbé e, wọ́n mu ún tán.

Màmá ti lọ. Àpótí wà nínú ilé ìdáná mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, iwájú tí mò ń wò ni ọjọ́ tí ohùn yẹn máa dákẹ́ pátápátá. Mo wá dé iwájú náà báyìí, ewú ti wà lórí mi, ohùn náà ò dákẹ́. Ó bá mi dàgbà. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ ńláńlá: ó ní mo ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, ó ní àwọn ọmọ mi ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọdé ìgbà yẹn nílò ẹni tó máa ní kó kúnlẹ̀. Àgbà yìí ń kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn nínú ọkọ̀ tó ń wa, láìtẹ orúnkún, a sì dájọ́ kó tó dé ọ́fíìsì. Òun nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa. Mo sì gbà á.

Láàárọ̀ òní, mo wà nínú ilé ìdáná, mo ń sun iṣu. Fóònù dún, ọmọ mi obìnrin ló pè, ọ̀rọ̀ gùn, mo gbàgbé ẹnu iná. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti mọ ohun tí mo bá. Mo ha á, mo gé ẹ̀gbẹ́ dúdú kúrò, mo bu epo sínú àwo. Mo fa àpótí sún mọ́ iná, mo jókòó sí i, mo sì jẹ iṣu mi ní gbígbóná.